Ẹranko ní ẹsẹ̀, ẹyẹ ní ìyẹ́: kí ló ń dá wọn dúró?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé ayé ń gbóná, pé ọ̀pọ̀ ẹranko ń parun nítorí rẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé ẹranko kì í ṣe igi. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní ìyẹ́, ó ní lẹbẹ. Bí ibi tó wà kò bá bá a lára mu mọ́, ṣé kò lè kó lọ síbòmíràn ni? Bó bá sì kó lọ, kí ló kan àwọn ẹranko tó fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi."

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, ibẹ̀ sì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹranko kan ti ṣe é lójú wa. Ẹ wo lékeléke. Áfíríkà, apá gúúsù Yúróòpù àti Éṣíà ni ilé rẹ̀ látilẹ̀wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, díẹ̀ nínú wọn fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n balẹ̀ sí apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó kó wọn lọ. Wọ́n bá àwọn èèyàn ibẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gé igbó lulẹ̀ láti da màlúù. Ibi tí màlúù bá ti ń tẹ koríko, tata á máa ta jáde, lékeléke á máa ṣà á jẹ. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n fi tàn dé Àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń yé ẹyin níbẹ̀.

Oríire lékeléke ni pé ìyípadà tí èèyàn mú bá ilẹ̀ náà gan-an ni ohun tó ń wá. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹranko kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, ohun tó sì fà á kọjá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ìyẹ́. Ìrìn ẹranko jẹ́ àdéhùn. Ó ní àwọn tó fẹ́ bá pàdé níbi tó ń lọ: ewé tó ń rú, kòkòrò tó ń jáde nínú ẹyin, èso tó ń pọ́n, omi tó ń kún. Àwọn wọ̀nyẹn náà sì ní àmì tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó jáde. Bí àyíká bá yí padà, àmì oníkálukú yàtọ̀, ọjọ́ tí ìròyìn máa dé ọ̀dọ̀ wọn á sì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyẹ kékeré kan ṣàlàyé. Pied flycatcher ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 12 lọ. Nígbà tí òtútù bá mú ní Yúróòpù, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé. Bó bá kù díẹ̀ kí ewé máa rú lọ́hùn-ún, á fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, á lọ yé ẹyin nínú igbó ilẹ̀ Netherlands àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tó fẹ́ fi bọ́ ọmọ ni àwọn kòkòrò rírọ̀ tó ń jẹ ewé igi óàkù, àwọn tó ń di labalábá tó bá yá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni kòkòrò yìí ń pọ̀ yanturu. Ẹyẹ tó bá pẹ́ dé, òfìfo ewé ló máa bá.

Kí ni kòkòrò náà ń wò kó tó jáde? Ooru ni. Bí ilẹ̀ bá tètè móoru, igi óàkù á tètè rúwé, kòkòrò á sì tètè jáde. Kí wá ni ẹyẹ tó wà ní Áfíríkà ń wò kó tó gbéra? Gígùn ọjọ́ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ṣe ń gùn àti bó ṣe ń kúrú ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò ti tó. Oòrùn kò sì yí ìṣe rẹ̀ padà nítorí pé Yúróòpù ń gbóná. Ẹyẹ náà wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà síbi tí ooru ti ń lé sí i. Ta ni yóò sọ fún un?

Christiaan Both àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2001, òun àti Marcel Visser fi hàn pé ẹyẹ náà ti ń kánjú yé ẹyin ní gbàrà tó bá dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń dé kò tíì kúrò níbi tó wà, kíkánjú náà kò sì tó. Ní 2006, wọ́n tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde. Nínú igbó tí kòkòrò ti ń tètè pọ̀ jù, iye ẹyẹ náà ti fi nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ogún ọdún. Nínú igbó tí kòkòrò ti ń pẹ́ kó tó pọ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ẹyẹ kan náà ni, aṣálẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn fò kọjá. Igbó tí oníkálukú balẹ̀ sí ló yà wọ́n.

Ibí yìí ló ti kan ìbéèrè yín kejì. Nínú igbó kan náà, ẹyẹ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní great tit. Òun kì í lọ ibì kankan. Ó wà nílé nígbà tí ilẹ̀ ń móoru, ó sì ti ń tètè yé ẹyin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò igi ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe ìtẹ́. Lọ́dún tí àkókò wọn bá kọlu ara wọn, pied flycatcher tó bá wọ ihò tí great tit ti gbà lè má jáde láàyè mọ́, nítorí great tit á pa á, á sì fọ́ orí rẹ̀ jẹ ọpọlọ. Ojú ọjọ́ kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọjọ́ ìpàdé wọn ló yí padà, tí aládùúgbò fi di apànìyàn, bí mo bá lè lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹyẹ.

Ìyà tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan sì lè farahàn níbòmíràn tó jìnnà pátápátá. Ẹyẹ etí òkun kan wà, red knot, tó ń yé ẹyin ní ilẹ̀ olótùútù ìhà àríwá Rọ́ṣíà, tó sì ń wá lo ọ̀pọ̀ oṣù ní Banc d'Arguin, ní etí òkun Mauritania. Yìnyín ibi tó ń yé ẹyin sí ti ń tètè yọ́, kòkòrò ibẹ̀ sì ń pọ̀ kí ọmọ ẹyẹ tó ṣe tán láti jẹun. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó á kéré, ẹnu rẹ̀ á sì kúrú. Ẹ má fojú kékeré wo ẹnu kúkúrú o. Ní Mauritania, oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ fún wọn ni ẹ̀dá oníkarawun kan tó ń rì ara rẹ̀ mọ́ inú ẹrẹ̀. Ẹlẹ́nu gígùn á ki ẹnu bọ̀ ọ́, á fà á yọ. Ẹlẹ́nu kúkúrú kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò koríko inú òkun ló ń wá jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú lọ́dún àkọ́kọ́. Jan van Gils àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló tẹ ìwádìí yìí jáde ní 2016. Ẹni tó bá dúró sí etí òkun Mauritania, tó ń wá ohun tó ń pa ẹyẹ náà, lè wá a títí kó má rí nǹkan kan, nítorí pé àríwá Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún ni ikú ti bá a wá.

Ẹ tún béèrè pé kí ló kan àwọn tí ẹranko fi sílẹ̀. Ó kàn wọ́n gan-an, nítorí ẹranko tó ń rìn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn Serengeti ju gbogbo ìtàn tó kù lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ní sùúrù kí n sọ ọ́ dáadáa.

Serengeti jẹ́ pápá koríko ńlá tó wà láàárín Tanzania àti Kenya. Wildebeest, ẹranko oníwo tó fara jọ màlúù tó rù, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan wọn tó ń yí pápá náà po lọ́dọọdún, bí òjò bá rọ̀ síhìn-ín wọ́n á wá, bí koríko bá gbẹ wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n iye wọn kò fìgbà gbogbo tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1880, àrùn màlúù kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest wọ ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó pa màlúù, ó pa ẹfọ̀n, ó pa wildebeest. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń gún màlúù àyíká ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sẹ́ni tó gún wildebeest kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí lára màlúù mọ́, wildebeest kò rí ibi tí wọ́n á ti kó o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iye wọn jẹ́ nǹkan bí 250,000. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Ẹnu tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ koríko débi pé koríko gbígbẹ tí iná lè jó kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù. Iná ìgbẹ́ dín kù. Bí iná ṣe dín kù, ọmọ igi tí iná ìbá ti jó kí ó tó ga ráyè dàgbà. Igi pọ̀ sí i ní pápá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún màlúù ló sọ pápá di ibi tí igi ti ń hù! Bí mo bá ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ àwọn ẹ̀dá inú ìgbẹ́, ìtàn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ tán láìdárúkọ kòkòrò àrùn, màlúù, koríko, iná àti igi pọ̀.

Odò Mara tún wà lọ́nà wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń là á kọjá, wọ́n á fún ara wọn pa, omi á gbé àwọn mìíràn lọ. Amanda Subalusky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 6,000 ló ń kú sómi náà lọ́dún kan. Òkú wọn ló ń bọ́ ẹja, igún, ọ̀nì àti ìdin. Egungun wọn sì máa ń wà nísàlẹ̀ odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tú ọ̀rá ilẹ̀ sínú omi. Odò tó ń ṣàn láàárín pápá yẹn ń jẹ nínú koríko tó hù níbi tó jìnnà sí i, nítorí ẹranko ló gbé e wá fún un.

Bí ìrìn bẹ́ẹ̀ bá dúró, iṣẹ́ náà á dúró. Ní Kalahari, ní Botswana, wọ́n ṣe ọgbà wáyà gígùn láti fi ya màlúù kúrò lára ẹranko ìgbẹ́ nítorí àrùn. Nígbà tí ọ̀dá dá láàárín àwọn ọdún 1980, wildebeest ibẹ̀ gbéra láti lọ wá omi bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì kan ọgbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kú. Ẹ wò ó, wọ́n ní ẹsẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lò ó.

Àdán náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lóru, a kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Àdán ńlá tó ń jẹ èso, tó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà, máa ń tẹ̀lé èso tó pọ́n láti ibì kan dé ibòmíràn. Láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn máa ń kó jọ sínú igbó kékeré kan ní Kasanka, ní Zambia. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ghana fi hàn pé ó lè gbé kóró èso sínú tó kìlómítà 75 kó tó yà á sílẹ̀. Ọ̀bọ kì í gbé kóró jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó kì í sì í fẹ́ fò kọjá ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, àmọ́ àdán á fò ó kọjá lóru, á sì máa gbin igi bó ṣe ń lọ. Níbi tí wọ́n bá ti lé àdán kúrò tàbí tí wọ́n pa á tán, igbó tó fẹ́ tún ara rẹ̀ hù ti pàdánù ẹni tó ń bá a gbé irúgbìn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹranko kan tó fi hàn pé ẹsẹ̀ nìkan kò tó, erin ni n ó mú. Ní ọgbà ìgbẹ́ Lopé ní Gabon, láti 1986 ni wọ́n ti ń lọ wo igi lóṣooṣù, tí wọ́n ń kọ èyí tó tanná àti èyí tó so sílẹ̀. Àwọn igi kan wà níbẹ̀ tí kì í tanná àfi bí òru bá tutù tó. Òru wá ń gbóná sí i. Nígbà tí Emma Bush àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò wọn jáde ní 2020, àǹfààní pé erin á rí èso tó pọ́n lórí igi ti fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín 1986 sí 2018. Wọ́n yẹ fọ́tò erin wò, wọ́n sì rí i pé ara erin ti ń rù: ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ara wọn ṣe dá tó fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ láti 2008. Ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n fura sí.

Ẹsẹ̀ ta ló tó ti erin? Ó lè rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àmọ́ ibo ni yóò rìn lọ, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo igbó tó mọ̀ ni kò so tó bó ti ń so tẹ́lẹ̀? Kóró ńlá tí ẹyẹ kò lè gbé mì sì wà nínú igbó náà, inú erin ló ń gbà kọjá lọ síbi tó ti máa hù. Erin tí ebi ń pa á lónìí ń dín igi ọ̀la kù. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ronú kan erin yìí, nítorí pé kò sẹ́ni tó yìnbọn lu ú, igbó rẹ̀ sì wà ní dídúró, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá gba òkè kọjá nínú ọkọ̀ òfurufú á ní kò sí nǹkan tó ṣe ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ eré sísá, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ló ń sá bákan náà. Ní 2011, I-Ching Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ẹ̀dá orí ilẹ̀ ń sún kúrò ní ìhà tó gbóná lọ sí ìhà tó tutù ní nǹkan bíi kìlómítà 17 láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ń gun òkè ní nǹkan bíi mítà 11. Ìpíndọ́gba kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú iye yẹn, àwọn kan ń sáré, àwọn kan kò kúrò lójú kan, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba ìhà òdìkejì lọ. Labalábá lè dé ibi tuntun lọ́dún yìí kó má bá igi tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀. Àwùjọ tí ẹ mọ̀ kì í kó lọ lódidi. Ó ń tú ni, àwọn tó tú náà á sì bá àwọn àjèjì pàdé níbi tí wọ́n bá dé.

Ní Peru, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Cerro de Pantiacolla. Wọ́n ka àwọn ẹyẹ tó wà lára rẹ̀ ní 1985, láti ẹsẹ̀ òkè dé orí. Ní 2017, Benjamin Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó gé igbó náà. Àwọn ẹyẹ ìsàlẹ̀ ti gun òkè díẹ̀, ilẹ̀ tiwọn sì fẹ̀ sí i. Àwọn tó wà lókè náà sún sókè, títí wọ́n fi dé ṣóńṣó, ojú ọ̀run ló sì kù lókè ibẹ̀. Mélòó kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lórí ṣóńṣó ní 1985 ni wọn kò rí mọ́. Ẹ ó ní kí wọ́n fò lọ sórí òkè mìíràn tó ga jù. Ẹyẹ tó ti mọ́ lára láti máa gbé abẹ́ òjìji igbó olótùútù kì í sábà gbà láti sọ̀ kalẹ̀ kọjá àfonífojì gbígbóná. Ìyẹ́ wà, ìwà kò gbà.

Nínú òkun, nǹkan tilẹ̀ ń yára ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ní 2011, omi òkun ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà gbóná kọjá ààlà, ó sì pa igbó abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní kelp ní ibi tó gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Igbó náà ni ilé ọ̀pọ̀ ẹja àti edé. Ìgbà tí omi tutù padà, ẹ ó rò pé kelp á tún hù. Ẹja ilẹ̀ olóoru tó ń jẹ ewé ti bá ooru wọlé, wọ́n sì ń jẹ gbogbo èyí tó bá fẹ́ yọrí. Àlejò náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ebi ló ń pa á. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun mọ bí a ti ń ṣí lọ, igbó tí kò lè ṣí lọ kò lè padà.

Nígbà mìíràn, ìyípadà àyíká máa ń tú ìrìn sílẹ̀ dípò kó dá a dúró. Ní 2018, ìjì méjì láti orí òkun, Mekunu àti Luban, rọ òjò sórí aṣálẹ̀ ńlá ilẹ̀ Arébíà. Koríko hù níbi tí kì í hù sí, eéṣú sì ń yé ẹyin níbi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Kí ọdún 2019 tó parí, agbo wọn ti dé Somalia, Ethiopia àti Kenya, wọ́n ń jẹ oko àti ewé ìgbẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹranko kan ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má tíì yọ̀. Ní 2008, àwọn tó fi ẹ̀rọ atọpinpin sí ọrùn béárì funfun kan tó ń gbé orí yìnyín òkun rí i pé ó wẹ 687 kìlómítà, ó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsinmi, kí ó tó kan yìnyín. Ó dé ibẹ̀ láàyè, ọmọ rẹ̀ kò dé.

Àwa èèyàn náà sì wà lójú ọ̀nà. Ní 2018, Marlee Tucker àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ ìrìn ẹranko 803 jọ, oríṣi ẹranko 57, káàkiri ayé. Níbi tí èèyàn, ọ̀nà àti oko bá ti pọ̀, ibi tí ẹranko ń rìn dé kò ju ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta ohun tó ń rìn níbi tí èèyàn kò ti pọ̀ lọ. Lọ́dún kan náà, Kaitlyn Gaynor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹranko tó ń sá fún wa ń sọ òru di ọ̀sán. Èyí tó ń pín àkókò rẹ̀ dọ́gba sí ọ̀sán àti òru ti ń ṣe nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ̀ lóru báyìí. Ẹ rò ó wò: a ní kí ẹranko kó lọ nítorí ooru, a sì ti fi títì, ọgbà àti ìlú dí ọ̀nà tó máa gbà. Ìdènà yìí ló ń ba ohun tí ẹ rò jẹ́ jù lọ, lójú tèmi. Bí ayé ti ń gbóná yìí, kò ní ṣeé dá padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọ̀nà ṣeé ṣí.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ṣíṣí ọ̀nà, ìyẹn ni pé ìmọ̀ ọ̀nà ń parẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àgùntàn orí òkè kan wà, bighorn, tí wọ́n pa tán níbi púpọ̀, tí wọ́n sì wá kó àwọn mìíràn lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ náà jẹ́ ọmọ agbo tó ń ṣí kiri. Síbẹ̀, nígbà tí Brett Jesmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣí lọ síbì kankan. Wọn kò mọ ibi tí koríko ti ń rú nígbà wo. Ọmọ ń kọ́ ọ lára ìyá, àgbà ń fi han èwe, ó sì ń gbà tó ogójì ọdún kí agbo tó mọ ilẹ̀ náà délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, bí agbo kan bá parẹ́, òye tó wà lórí wọn ti bá wọn lọ, kíkó òmíràn wá kò ní dá òye náà padà lọ́gán.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹranko máa ń yà wá lẹ́nu. Láti 1968 ni ọgbà wáyà kan ti dí ọ̀nà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ń gbà láàárín Okavango àti Makgadikgadi, ní Botswana. Wọ́n wó o ní 2004. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà láyé nígbà tí ọ̀nà náà ṣì ṣí, nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kì í dàgbà tó ọdún 36 nínú ìgbẹ́. Kò sí àgbà tó lè júwe ọ̀nà. Síbẹ̀, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó fi ẹ̀rọ sí wọn lọ́rùn rí i pé wọ́n ti ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀, ìrìn àlọ àti àbọ̀ tó lé ní 500 kìlómítà, bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó dé kẹ́yìn tó sì mú inú mi dùn jù ni ti odò Klamath, láàárín California àti Oregon ní Amẹ́ríkà. Ẹja salmon máa ń ti òkun wọ odò wá yé ẹyin, lẹ́yìn náà á kú. Béárì àti ẹyẹ á wọ́ òkú rẹ̀ sínú igbó, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rí ọ̀rá òkun nínú igi tó wà létí irú odò bẹ́ẹ̀. Ìsédò mẹ́rin ló dí Klamath. Wọ́n wó èyí tó gbẹ̀yìn tán ní 2024. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, kò tíì tó oṣù kan tí wọ́n wó o tán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí ẹja salmon ní Oregon, ní òkè ibi tí ìsédò wà tẹ́lẹ̀. Wọn kò bí èyíkéyìí nínú àwọn ẹja náà síbẹ̀. Ìgbà tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ dé apá odò náà gbẹ̀yìn, ọdún 1912 ni.